Ohun Tó Kọjá Agbára Ẹni: Bí A Ṣe Ń Kọ Ọ́ Sínú Àdéhùn Kó Tó Ṣẹlẹ̀

Bí ẹ bá yẹ àwọn ìwé àdéhùn tí à ń fọwọ́ sí ní Ìbàdàn wò, láti orí ti ẹni tó gba gbọ̀ngán ìnáwó ní Ring Road dé ti ẹni tó ń kó búlọ́ọ̀kù lọ sí Àpẹtẹ̀, ẹ óò rí iye owó, ẹ óò rí ọjọ́, ẹ óò rí orúkọ ẹlẹ́rìí. Ohun tí ẹ kì í sábà rí ni ohun tí a máa ṣe bí omi bá gba ọ̀nà, bí ìjọba bá kéde kónílé-ó-gbélé, tàbí bí iná bá jó ibi ìkẹ́rù sí. Bí ẹnu bá tilẹ̀ kan ọ̀rọ̀ náà, “bí Ọlọ́run bá yọ̀ǹda” la fi ń pa á dé. Àdúrà dáa, àmọ́ adájọ́ kò lè fi dájọ́.

Ẹni tó ń ṣòwò, tó ń kọ́lé, tó ń gbọ́únjẹ òde tàbí tó ní gbọ̀ngán ni mo kọ èyí fún. Kò rọ́pò lọ́yà o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ ohun tó fẹ́ kó tó wọ ọ́fíìsì lọ́yà ní Ìyágankú ló máa ń gba ìwé tó wúlò jáde. Ẹni tó kàn wọlé pé “ẹ bá mi kọ àgirimẹ́ǹtì”, ìwé tí wọ́n ti kọ fún ẹlòmíì lánàá ni wọ́n máa pààrọ̀ orúkọ inú rẹ̀ fún un.

Ohun kan ni kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ. Nígbà tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá di ìjà, kì í sábà jẹ́ lórí bóyá lóòótọ́ lomi ya. Gbogbo àdúgbò ló rí omi. Owó àsansílẹ̀ ni ìjà máa ń dá lé, ta ló máa gba àdánù, àti ìgbà wo lẹnì kejì gbọ́. Ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ti máa ń dákẹ́.

Bí ẹ kò bá kọ nǹkan kan ńkọ́?

Àwọn lọ́yà ń pe abala àdéhùn tó ń sọ ohun tí a máa ṣe bí ohun tó kọjá agbára ẹni bá dé ní force majeure, wọ́n mú orúkọ náà lọ́dọ̀ àwọn Faransé. Lọ́dọ̀ àwọn yẹn, òfin ìlú fúnra rẹ̀ ló ń gba ẹni tí irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá ká mọ́ sílẹ̀, ì báà má sí nínú ìwé wọn. Òfin àdéhùn tí àwa jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní kóòtù wa, ohun tí ẹ bá kọ lẹ ní. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, ọ̀nà kan ló kù: kí ẹ lọ bẹ kóòtù pé kó wò ó bóyá àdéhùn náà ti kú fúnra rẹ̀, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní frustration. Ọ̀nà náà há púpọ̀.

Ẹjọ́ tó là á sílẹ̀ wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1861, Taylor gba gbọ̀ngán orin kan lọ́wọ́ Caldwell fún ọjọ́ mẹ́rin, £100 lójúmọ́. Kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó pé, iná jó gbọ̀ngán náà, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹnì kankan nínú wọn. Kò sí ọ̀rọ̀ iná nínú ìwé wọn. Ní 1863, kóòtù ní ohun tí àdéhùn náà dúró lé lórí ti run, nítorí náà àwọn méjèèjì ti bọ́ nínú rẹ̀. Inú onígbọ̀ngán dùn. Ṣùgbọ́n Taylor, tó ti náwó sórí ìpolówó àti ìmúrasílẹ̀, kò rí kọ́bọ̀ gbà padà nínú owó yẹn. Bí kóòtù ṣe gbà wọ́n nìyẹn: ó tú wọn sílẹ̀, kò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ti ná.

Gbọ̀ngán tó jóná tán ṣì dáa, ojú gbogbo èèyàn ló rí i. Èyí tó ń ṣe wá jù ni iṣẹ́ tó ṣì ṣeé ṣe àmọ́ tó ti ń pani lára. Kọ́ńtíráátọ̀ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Davis, gba iṣẹ́ ilé 78 lẹ́yìn ogun kejì àgbáyé, ó ní òun máa kọ́ wọn láàárín oṣù mẹ́jọ. Òṣìṣẹ́ wọ́n, ohun èlò wọ́n, iṣẹ́ náà gba oṣù 22. Ó gba kóòtù lọ pé àdéhùn náà ti kú, kí wọ́n san owó tó bá ohun tí òun ná mu fún òun. Ní 1956, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lọ́dọ̀ wọn dá a lóhùn pé kò rí bẹ́ẹ̀: kí iṣẹ́ le, kó sì gbówó lórí ju bí a ṣe rò lọ, kò sọ àdéhùn di òkú.

Lọ́dún 1956 yẹn kan náà ni ogun mú kí wọ́n ti Suez Canal. Oníṣòwò kan ti ṣèlérí láti kó ẹ̀pà láti èbúté Sudan lọ sí Hamburg. Ó ní ọ̀nà ti dí, òun kò lè kó o mọ́. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé òpin ní 1961, wọ́n ní ọ̀nà mìíràn wà, kó gba ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà yí po. Ó jìn gan-an, ó wọ́n, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń gbabẹ̀. Ẹni tó bá ń rò pé títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó dí fún ọjọ́ méjì máa gbà á lọ́wọ́ àdéhùn, kó rántí ẹlẹ́pà yìí.

Ẹjọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ̀nyí kò de àwọn adájọ́ wa lọ́wọ́ bí ẹjọ́ Supreme Court tiwa, àmọ́ orí wọn ni òfin tiwa lórí ọ̀rọ̀ yìí dúró lé, wọ́n sì máa ń tọ́ka sí wọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ẹ̀gbẹ́ tí ẹ wà

Kí ẹ tó kọ ìlà kan, ẹ bi ara yín: ṣé èmi ni mo máa ṣe iṣẹ́, àbí èmi ni mo máa sanwó? Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́, tó ń pèsè ọjà tàbí tó ń yáni ní gbọ̀ngán ni abala yìí sábà máa ń ṣe láǹfààní, nítorí òun ni nǹkan lè dá dúró. Ẹni tó ń sanwó kì í sábà rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé tilẹ̀ máa ń sọ ọ́ gbangba pé ìṣẹ̀lẹ̀ yòówù kó dé, owó tó yẹ ní sísan kò dúró.

Bí ẹ bá jẹ́ olùpèsè, ẹ óò fẹ́ kí abala náà gbòòrò. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó máa san àsansílẹ̀, ẹ óò fẹ́ kó há, kí ọ̀rọ̀ ìdápadà owó sì le bí irin. Èmi kò gbà pé gbólóhùn kan wà tó lè tẹ́ ẹni méjèèjì lọ́rùn dọ́gba. Ẹni tó bá ní ẹ kàn fọwọ́ sí i, pé “bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn”, ẹ̀gbẹ́ tiẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ dárúkọ àwọn ohun tó lè ṣẹlẹ̀

Ibí ló gba àkókò jù, ibẹ̀ náà sì ni àwọn èèyàn ń sá eré kọjá. Wọ́n á lọ da abala kan kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó kún fún ìmìtìtì ilẹ̀, òjò yìnyín àti ìjì líle etí òkun. Ìbàdàn kò sí létí òkun. Ẹ kọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí níbí.

Omíyalé ló ṣáájú. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, odò Ògùnpa kún, ó sì gbé ẹ̀mí àti dúkìá lọ. Ọjọ́ yẹn làwọn àgbà ìlú ṣì ń fi ka ọjọ́ orí ọmọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, ó tún ṣẹlẹ̀, afárá Àpẹtẹ̀ wà lára ohun tí omi gbé lọ. Ẹni tó ti ṣèlérí láti já yanrìn sí òdìkejì afárá yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ló fẹ́ ṣe? Síbẹ̀, ẹ má kọ “òjò” lásán. Òjò oṣù Kẹfà kì í ṣe àjèjì fún ẹnikẹ́ni, kọ́ńtíráátọ̀ tó ní òjò ló dá òun dúró ní Ìbàdàn láàárín ọdún kò ní rí adájọ́ tó máa káàánú rẹ̀. Ẹ kọ “omíyalé tàbí ẹ̀kún omi tó ba ibi iṣẹ́, ọjà tàbí ọ̀nà kan ṣoṣo tó wọ ibẹ̀ jẹ́”.

Iná àti ìbúgbàmù ló tẹ̀ lé e. Iná jó Cocoa House ní Dùgbẹ̀ ní 1985. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní 2024, ìbúgbàmù kan ní Bódìjà àtijọ́ wó ilé lulẹ̀, fèrèsé àwọn tó jìnnà sí ibẹ̀ fọ́. Gómìnà ní àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó ohun abúgbàmù sínú ilé kan níbẹ̀. Bí ẹ bá ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé ìgbàlejò ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ẹ rí i pé ìbúgbàmù kò sí lábẹ́ “àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ”.

Àṣẹ ìjọba náà ńkọ́? Ní oṣù Kẹta 2020, nígbà àrùn kòrónà, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kéde kónílé-ó-gbélé láti aago méje alẹ́ dé mẹ́fà àárọ̀, wọ́n sì fòfin de ìpéjọpọ̀ èrò. Ọ̀sán nìkan ló kù fún ìnáwó, ọ̀sán náà kò sì gba èrò. Gbọ̀ngán wà níbẹ̀, kò jó, omi kò wọ̀ ọ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí. Ìdí nìyẹn tí kò fi tó kí ẹ kọ “bí gbọ̀ngán bá bàjẹ́”. Ẹ kọ “òfin, àṣẹ tàbí ìkéde ìjọba tí kò jẹ́ kí ìpéjọpọ̀ náà lè wáyé ní iye èrò tí a fẹnu kò sí”. Ìwọ́de oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà sì kọ́ wa pé kì í ṣe ìjọba nìkan ló lè ti ọ̀nà.

Ìyanṣẹ́lódì ńkọ́? Ó ní bó ṣe rí. Àwọn olùkọ́ yunifásítì dáṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì 2022, oṣù mẹ́jọ ni wọ́n sì fi wà nílé. Ẹ wo ẹni tó ti gba ilé ńlá ní Agbowó láti fi ṣe họ́sítẹ́ẹ̀lì ọmọ ilé ìwé, tàbí ẹni tó ti ṣàdéhùn oúnjẹ pẹ̀lú ilé ìtajà inú ọgbà. Irú ìyanṣẹ́lódì yẹn yẹ lórúkọ nínú ìwé. Àmọ́ kí òṣìṣẹ́ olùpèsè fúnra rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ torí pé kò san owó oṣù wọn, ìyẹn kò yẹ kó wọ ibẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “ìyanṣẹ́lódì gbogboogbò, yàtọ̀ sí ti òṣìṣẹ́ ẹni tó ń tọrọ ìdáríjì”.

Ohun kan tún wà tí ojú kì í tètè rí. Bí ẹ bá to orúkọ ìṣẹ̀lẹ̀ jọ, tí ẹ wá fi “àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀” parí rẹ̀, kóòtù lè sọ pé ohun tó bá jọ àwọn tí ẹ dárúkọ nìkan ló wọ ibẹ̀. Bí ẹ bá kọ “iná, omíyalé, ìjì àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀”, wọ́n lè ní àṣẹ ìjọba kò jọ iná, kò sì jọ omi. Gbólóhùn tó ń tú ìdè yẹn ni “àti ohunkóhun mìíràn, yálà ó jọ àwọn wọ̀nyí tàbí kò jọ wọ́n”. Olùpèsè ló máa fẹ́ ẹ. Ẹni tó ń sanwó, kó ronú dáadáa kó tó gbà á.

Kí ẹ má sì fi iná mànàmáná tó lọ sí i. Kò sí adájọ́ ní Nàìjíríà tí ẹ fẹ́ sọ fún pé ẹ kò mọ̀ pé iná lè lọ. Kí oníṣẹ́ ní jẹnẹrétọ̀, kó sì ra epo sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ya owó ọjà sọ́tọ̀

Ohun tó ba àdéhùn jẹ́ jù lọ láti 2023 kì í ṣe omi, kì í sì í ṣe iná. Owó ni. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà epo bẹntiróòlù tó wà ní nǹkan bí ₦190 sì gun orí ₦500 ní ọ̀pọ̀ ilé epo láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní ọjà, dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦470 ní bánkì kọjá ₦700 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Sìmẹ́ǹtì, irin, ìrẹsì àti owó ọkọ̀ gbogbo bá a lọ.

Ọ̀pọ̀ olùpèsè rò pé èyí ni ohun tó kọjá agbára gan-an. Òótọ́ ni, ó kọjá agbára wọn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Davis àti ilé 78 rẹ̀. Kí ọjà gbówó lórí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti rà á. Èrè rẹ̀ ló jẹ. Bí abala yín kò bá dárúkọ ọ̀wọ́ngógó, kóòtù kò ní kà á mọ́ ọn. Bí ẹ bá sì dárúkọ rẹ̀ nínú abala kan náà, ẹ ti fún olùpèsè láǹfààní láti pa iṣẹ́ tì nígbàkugbà tí ọjà bá lé díẹ̀. Méjèèjì kò dáa.

Ẹ kọ abala mìíràn fún iye owó. Ẹ mú ohun kan tí owó rẹ̀ ṣeé yẹ̀ wò, àpò sìmẹ́ǹtì tàbí lítà dísù, ẹ kọ iye tó jẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ fọwọ́ sí i àti ibi tí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ wá sọ pé bó bá fi ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè, ẹ óò jọ tún iye owó iṣẹ́ tí kò tíì ṣẹ́ ṣe. Ẹ tún kọ ọ́ pé bó bá wálẹ̀, èrè náà á padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń sanwó. Ọ̀pọ̀ olùpèsè kì í fẹ́ gbọ́ ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn. Ẹ dúró lórí ẹ̀.

Ti owó tí kò ṣeé rí tún yàtọ̀ sí ti ọjà tó wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà, ẹni tó ní owó ní bánkì kò rí i gbà, fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù ń kùnà. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni Supreme Court tó sọ pé kí owó àtijọ́ máa lọ títí di ìparí ọdún náà. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ti owó ọwọ́, bí àwọn tó ń rajà oko ní ọjà Bódìjà, ẹ fi ìlà kan sí i pé bí ètò bánkì gbogboogbò bá dúró, a máa sún ọjọ́ ìsanwó, gbèsè kò sì pa rẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ọ̀rọ̀ kan lè pa yín lára

“Kò ṣeé ṣe”, “ó pẹ́”, “ó nira”: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe ọ̀kan. Bí ìwé bá sọ pé ìṣẹ̀lẹ̀ náà gbọ́dọ̀ mú kí iṣẹ́ má ṣeé ṣe, ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ kàn jìn sí i kò bọ́ síbẹ̀. Bó bá sọ pé “dí i lọ́wọ́ tàbí fà á sẹ́yìn”, ó bọ́ síbẹ̀. Olùpèsè, ẹ bèèrè fún èyí tó gbẹ̀yìn. Ẹni tó ń sanwó, ẹ jẹ́ kó dúró ní “kò ṣeé ṣe”, tàbí kí ẹ gba “fà á sẹ́yìn” kí ẹ sì fi iye ọjọ́ dè é.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ta ló gbọ́, ìgbà wo ló gbọ́?

Ẹ kọ iye ọjọ́ tí ẹni tí nǹkan ká mọ́ ní láti fi tó ẹnì kejì létí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ràn fún iṣẹ́ kékeré. Ọ̀sẹ̀ kan fún iṣẹ́ ńlá. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù tí a máa pè, nọ́ńbà WhatsApp tí a máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí, àti àdírẹ́sì tí a máa gbé ìwé lọ. Ẹ sọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀: ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, apá tó kàn nínú iṣẹ́, àti ìgbà tí a rò pé iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ padà.

Kí ẹ wá fi gbólóhùn tó ń múni ṣe é tẹ̀ lé e: ẹni tí kò bá fi tóni létí láàárín ọjọ́ yẹn kò ní àǹfààní abala yìí fún àwọn ọjọ́ tó dákẹ́. Láìsí gbólóhùn yẹn, olùpèsè á dákẹ́ fún oṣù méjì, ọjọ́ tí ẹ bá wá ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Gbági ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé “ṣé ẹ kò gbọ́ pé omi ya ni?”

Ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp ṣeé lò ní kóòtù. Abala 84 nínú òfin ẹ̀rí ti 2011 ló fàyè gba ẹ̀rí tó wá látinú kọ̀ǹpútà àti fóònù, àmọ́ ó ní ohun tó bèèrè, títí kan ìwé ẹ̀rí nípa ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbé e jáde. Nítorí náà, ẹ má pa ọ̀rọ̀ rẹ́ lórí fóònù, ẹ má sì ta fóònù náà ṣáájú ẹjọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Àsansílẹ̀

Ní 1902, wọ́n fẹ́ fi Edward Keje jọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkùnrin kan, Henry, gba yàrá tó kọjú sí títì tí ọba máa gbà kọjá, £75, ó san £25 sílẹ̀. Àìsàn dé sí ọba, wọ́n sún ayẹyẹ síwájú. Yàrá wà níbẹ̀, títì wà níbẹ̀, ọba kò kọjá. Ní 1903, kóòtù sọ pé Henry kò ní san £50 tó kù. £25 tó ti san ńkọ́? Ó ti kọ́kọ́ bèèrè fún un, ó sì jáwọ́ kí wọ́n tó dájọ́. Títí di 1943, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ irú owó bẹ́ẹ̀, ibi tí owó bá wà nígbà tí ìṣẹ̀lẹ̀ dé ló sábà máa ń kú sí.

Ní Ìbàdàn, ìgbéyàwó àti òkú àgbà ló ń mú ìjà yìí wá jù. Ẹni tó gba gbọ̀ngán ti san ìdá méjì nínú mẹ́ta. Onígbọ̀ngán ti ra dísù, ó ti kọ àwọn méjì mìíràn tó fẹ́ ọjọ́ kan náà. Alásè ti ra màlúù. Nígbà náà ni àṣẹ ìjọba dé. Ta ló máa jẹ gbèsè?

Ìmọ̀ràn tèmi: ẹ má kọ “àsansílẹ̀ kò ṣeé gbà padà”, ẹ má sì kọ “gbogbo owó yóò padà”. Ẹ kọ bí ó ṣe máa rí ní ìpele-ìpele. Àkọ́kọ́, a máa sún ọjọ́ síwájú láìfi kọ́bọ̀ kún un, láàárín oṣù mẹ́fà, lọ́jọ́ tí gbọ̀ngán bá ṣófo. Bí ọjọ́ mìíràn kò bá bá ẹni tó gba gbọ̀ngán mu, a máa dá owó padà, lẹ́yìn tí a bá yọ ohun tí onígbọ̀ngán ti ná ní tòótọ́ lórí ìnáwó yẹn nìkan, tó sì ní rìsíìtì rẹ̀. Kí ẹ fi òkè dé ohun tí ó lè yọ: kó má ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún àsansílẹ̀ lọ. Ẹ kọ ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ dé: ọjọ́ 14 kò pọ̀ jù.

Ẹni tó ń se oúnjẹ, ẹ kíyè sí ohun tó ṣeé tà padà. Màlúù tó ṣì wà láàyè kì í ṣe àdánù; ẹ̀fọ́ tó ti jẹrà ni. Ẹ kọ pé ohun tó bá ṣeé tà, kí a tà á, kí owó rẹ̀ dín àdánù kù.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìgbà wo ló parí?

Láìsí òpin, abala yìí lè so yín mọ́lẹ̀ fún ọdún kan. Ẹ kọ pé bí ìdíwọ́ bá ju ọjọ́ 30 lọ fún iṣẹ́ kékeré, tàbí 90 fún ilé kíkọ́, ẹnikẹ́ni nínú yín lè fi ìwé fòpin sí i. Iṣẹ́ tó ti ṣẹ́ títí di ọjọ́ náà, a máa sanwó rẹ̀. Ìyẹn ti tó.

Bó ṣe lè rí lórí ìwé

Ẹ lè mú èyí bẹ̀rẹ̀, kí ẹ yí i sí ti yín, kí lọ́yà sì yẹ̀ ẹ́ wò:

“Bí omíyalé, iná, ìjì, ìbúgbàmù, àjàkálẹ̀ àrùn, rògbòdìyàn, ìyanṣẹ́lódì gbogboogbò, tàbí òfin tàbí àṣẹ ìjọba, tí kò sí ní ìkáwọ́ ẹni tí ó kàn, tí kì í sì í ṣe àfọwọ́fà rẹ̀, bá mú kí ojúṣe rẹ̀ má ṣeé ṣe tàbí kó fà sẹ́yìn, a kò ní kà á sí ẹni tó yẹ àdéhùn níwọ̀n ìgbà tí ìdíwọ́ náà bá ṣì wà, bí ó bá ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ láti dín in kù. Yóò fi tó ẹnì kejì létí láàárín ọjọ́ 3, lórí nọ́ńbà àti àdírẹ́sì tó wà nísàlẹ̀ ìwé yìí. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní àǹfààní yìí fún ọjọ́ tó fi dákẹ́. Kí ọjà gbówó lórí kò sí lára ìdíwọ́. Abala iye owó ni yóò yanjú rẹ̀. Owó iṣẹ́ tí a ti ṣe kò dúró. Bí ìdíwọ́ bá ju ọjọ́ 30 lọ, ẹnikẹ́ni nínú wa lè fòpin sí àdéhùn yìí, a ó sì dá àsansílẹ̀ padà bí abala àsansílẹ̀ ṣe là á sílẹ̀.”

Àdéhùn tí a kọ ní Yorùbá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bó bá dé kóòtù gíga, ẹ óò ní láti túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, nítorí èdè tí wọ́n fi ń gbẹ́jọ́ níbẹ̀ nìyẹn. Bí ẹnì kejì kò bá mọ̀wé kà, tí ẹ sì kọ ọ́ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, òfin tó ń dáàbò bo aláìmọ̀wé ní kí ẹni tó kọ ìwé kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, kí wọ́n sì ka ìwé náà sí i létí, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ kó tó tẹ̀ka. Ẹ ṣe é níwájú ẹlẹ́rìí.

Nígbà tó bá ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́

Ẹni tó ń tọrọ ìdáríjì ló ní ẹ̀rí láti mú wá. Ẹ ya fọ́tò lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ fi ọjọ́ sí i. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ àwọn panápaná tàbí ọlọ́pàá. Ẹ gé ìkéde ìjọba inú ìwé ìròyìn pa mọ́. Kò tó pé omi ya ní Ìbàdàn. Ẹ ní láti fi hàn pé omi yẹn ló dá iṣẹ́ yín dúró. Ẹni tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ ti pẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí òjò tó dé kò lè fi òjò bo ara rẹ̀.

Kí ẹ sì gbìyànjú ọ̀nà mìíràn, kí ẹ kọ ohun tí ẹ gbìyànjú sílẹ̀. Ó ní ibi tí ìgbìyànjú náà mọ o. Ní 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ nínú ẹjọ́ ọkọ̀ ojú omi kan pé ẹni tí àdéhùn ní kí wọ́n san dọ́là fún kò di dandan kó gba yúró dípò, àyàfi bí ìwé bá sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wá fẹ́ kí ẹnì kejì gba irú irin mìíràn tàbí gbọ̀ngán mìíràn nígbà ìṣòro, inú ìwé ni kí ẹ ti sọ ọ́.

Bí olùpèsè bá ní ẹni tí òun náà ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ló já òun kulẹ̀, ìyẹn kò sí lára ìdáríjì bí ìwé kò bá sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè ohun tó dá ẹni yẹn náà dúró.

Bó bá di ìjà, kóòtù kì í ṣe ibi àkọ́kọ́. Òfin ìlàjà tuntun, Arbitration and Mediation Act ti 2023, ti rọ́pò ti 1988, ó sì fẹsẹ̀ àdéhùn tí onílàjà bá bá yín ṣe múlẹ̀. Ẹ fi ìlà kan sí ìwé pé Ìbàdàn ni ìlàjà máa ti wáyé, níwájú onílàjà kan ṣoṣo tí ẹ jọ yàn, kí ẹ má bàa máa wọkọ̀ lọ Èkó tàbí Àbújá lórí owó búlọ́ọ̀kù.

Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dà kan tí gbogbo yín fọwọ́ sí ojú ewé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ sílé. Ẹ ya fọ́tò ti yín, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí kì í gbé ilé kan náà pẹ̀lú yín.